Agboòrùn

Agbòjò ni gbogbo Ẹ̀pẹ́ ń pè é.
Èmi nìkan ni mo ń pè é ní agboòrùn
láti oṣù kẹta,
tí Dókítà Ẹgbẹ́yẹmí tẹ́ ìwé èsì sórí tábìlì,
tó yọ awò ojú rẹ̀, tó ní kí n jókòó.
Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀.

Ó ní àwọn ọlọ́dẹ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn,
olè ni wọ́n ń ṣọ́.
Ó ní àwọn tèmi ti ṣì mí mọ̀:
wọ́n rí onílé lójú fèrèsé, wọ́n kígbe olè,
wọ́n sì ń yìnbọn sí oríkèé, sí awọ, sí kíndìnrín.
Mo bi í pé ta ló gbà wọ́n síṣẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lúpọ́ọ̀sì.
Mo gbé orúkọ náà délé
bí ẹja tí ẹnìkan jù sínú agbọ̀n mi
tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é.

Ìyá mi ní ta ni mo ṣẹ̀.
Mùtáírù, ọkọ mi, kò sọ nǹkan kan.
Ó lọ sí etí ọ̀sà, ó fọ ọkọ̀ rẹ̀
tó ti fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà,
ó fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Oògùn wú mi lẹ́rẹ̀kẹ́.
Wọ́n ń kí mi lójú ọ̀nà: "Tíṣà, ẹ mà ti sanra o!
Ọkọ ń tọ́jú yín!"
Mo ń dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́.
Kí ni kí n tún wí?

Ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ bá bínú.
Ọwọ́ tó ti kọ ABD sára pátákó ní Pópó-Ọba fún ọdún mẹ́rìnlá,
ṣọ́ọ̀kì bọ́ lára rẹ̀ lójú ọmọ mọ́kànlélógójì.
Kàmórù tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Mo lé e síta.
Nígbà tí wọ́n lu aago oúnjẹ, ó padà wá.
Ó ti ṣa ṣọ́ọ̀kì náà nílẹ̀,
ó ti fi bébà wé e, ní ìpele ìpele,
kó lè nípọn, kó lè gbà lọ́wọ́ mi.
Mo kọjú sí pátákó kó má baà rí mi.

Òwúrọ̀ ló burú jù.
Ìka mi a gan bí àwọ̀n tó sùn síta lọ́yẹ́.
Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì àwọn apẹja tó ń bọ̀ wálé,
mo ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú ìrọ̀rí:
ẹ̀yin ọlọ́dẹ, èmi ni.
Èmi Rafátù. Ilé mi nìyí.
Ẹ gbé àtùpà sókè, ẹ wò mí dáadáa.

Ọjọ́ mìíràn wà tí wọ́n ń gbọ́.
Ọjọ́ mìíràn, ìbọn.

Màmá kan láti Ìbẹ̀jù jókòó tì mí ní ọsibítù,
ó ń fi eyín fọ́ àsálà.
Ó ti lo ọdún mọ́kànlá lẹ́nu ẹ̀.
Mo ní kí ó sọ bó ṣe ṣe é fún mi.
Ó jẹ àsálà náà tán kó tó fèsì:
"Mo sunkún. Mo sì ń jẹun."
Ó ha ìyókù sí mi lọ́wọ́.

Ní agogo mẹ́rin, Ṣẹ̀kínátù ọmọ mi ní òun ni kí n jẹ́ kó gbé e.
Ọmọ ọdún mẹ́fà. Apá rẹ̀ kò ga tó.
A ń lọ lẹ́bàá ọ̀sà, omi ń kọ mànà,
agboòrùn náà ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́,
orí ewúrẹ́ ni òjìji rẹ̀ ń bọ́ sí,
orí òkúta, orí bàtà ara rẹ̀.
"Mọ́mì, ṣé ó ń bò yín?"
Mo tẹ orúnkún mi tó ń dùn mí,
mo bẹ̀rẹ̀ títí mo fi kéré tó.
Ó ń bò mí, mo ní.
Ó ń bò mí.